Ìbọn ìléwọ́ Jámánì tí bàbá àgbà ọkọ mi fi sílẹ̀: ta ló ni ín kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

ÌyáÌbejì_Atlanta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ogún ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Bàbá ọkọ mi papò dà lọ́dún tó kọjá. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, ìpínlẹ̀ Georgia níbí ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí ẹbí pín ẹrù, àpótí sójà kan bọ́ sọ́wọ́ ọkọ mi, èyí tí bàbá tó bí bàbá rẹ̀ gbé bọ̀ láti ojú ogun. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá àgbà náà láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lọ sí Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Fótò wà nínú àpótí, fìlà sójà wà níbẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kan sì wà nínú àkọ̀ awọ dúdú.

Ohun tí ẹbí máa ń sọ ni pé bàbá já ìbọn náà gbà ní ìbàdí ọ̀gá SS kan tí wọ́n mú, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun àwọn Nazi ti Hitler. Bàbá fúnra wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun rárá, ẹnu àwọn àbúrò wọn ni ìtàn yẹn ti jáde. Àwọn ìbejì mi ti tó ẹni tí ń béèrè ọ̀rọ̀ báyìí, mi ò sì fẹ́ fi ohun tí kò dá mi lójú kọ́ wọn.

Ohun tí mo rí kà lára irin rẹ̀ nìyí. Lókè, níbi tí irin ti ṣẹ́ po bí orúnkún, lẹ́tà DWM ni wọ́n kọ lọ́ mọ́ ara wọn. Níwájú ibẹ̀, 1920 wà lókè, 1917 wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin àti lẹ́tà k kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Níwájú èèkù ìbọn, níbi tí àwọn ìka máa ń wé mọ́, wọ́n tẹ S.D.II. síbẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta sì tẹ̀lé e. Àpò ọta rẹ̀ ní lẹ́tà fxo lára. A ò rí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀dọ́_Peckham

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, ẹ̀gbọ́n mi. S.D. kẹ̀! Sicherheitsdienst nìyẹn, àwọn amí SS tí Heydrich jẹ́ olórí wọn. Ìtàn ẹbí yín bá a mu rẹ́gí. Mo ti rí irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó gọbọi ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ.

Alágbẹ̀dẹ_Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn ni mò ń ṣe ní Houston níbí, ìbọn Jámánì àtijọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù.

Kí a tó sọ ohunkóhun, ṣé ó dá yín lójú pé kò sí ọta nínú rẹ̀? Yíyọ àpò ọta nìkan kò tó. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò séèyàn, ẹ mú ìka kúrò níbi tí wọ́n ti ń fà á, ẹ di kókó irin méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún yẹn mú, ẹ fà á sókè sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ojú ara yín wo inú ihò. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé irú ìbọn yìí lè yìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú apá òkè rẹ̀ kúrò lára èèkù, bí ọta kan bá ṣẹ́kù sínú ihò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin tí a ti tú palẹ̀ kò lè pààyàn mọ́.

Ó wá ku kíkà. Luger ni ìbọn yín, èyí tí ìjọba Jámánì ń pè ní P.08 torí pé ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn gbà á. Georg Luger ló tún iṣẹ́ Hugo Borchardt ṣe títí ó fi di èyí tí a mọ̀. Switzerland ló kọ́kọ́ rà á fún àwọn sójà rẹ̀ ní 1900, àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì sì tẹ̀lé e ní 1904. DWM ni Deutsche Waffen- und Munitionsfabriken, ilé iṣẹ́ kan ní Berlin. 1917 ni wọ́n ṣe tiyín. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà lákọ̀tun: 10,000 àkọ́kọ́ kì í ní lẹ́tà, 10,000 tó tẹ̀lé e á gba a, èyí tó tún tẹ̀lé e á gba b. Tiyín gba k, ìyẹn ni pé ìbọn tó tó 100,000 ti jáde lọ́dún yẹn kó tó kan tiyín. Ẹ wo bí ogun ṣe ń jẹ irin tó, àti àwọn tó ń gbé e.

1920 tó wà lókè kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn tí Jámánì fìdí rẹmi ní 1918, àdéhùn Versailles pàṣẹ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn kò gbọ́dọ̀ ju 100,000 lọ. Ìbọn ogun ti fọ́n ká gbogbo ìlú nígbà náà, ìjọba sì ń gbà wọ́n padà lọ́wọ́ ará ìlú. Wọ́n wá tẹ 1920 mọ́ èyí tó jẹ́ ti ìjọba, kí a lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹnìkan gbé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà ìbọn yín kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí.

Àbúrò mi ti Peckham, ní ti S.D., àwọn tó ń ta ìbọn ló ń tan ọ̀rọ̀ yẹn ká, torí pé orúkọ SS máa ń gbé owó sókè. S. dúró fún Schutzpolizei, àwọn ọlọ́pàá tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ ní Prussia, ìpínlẹ̀ tó tóbi jù ní Jámánì nígbà náà. D. dúró fún Düsseldorf. II jẹ́ ẹ̀ka wọn, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn sì ni nọ́ńbà ìbọn náà nínú ìwé ẹ̀ka yẹn. Ọ̀nà kan wà tí Ìyá Ìbejì lè fi dán ọ̀rọ̀ mi wò. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì, lókè ibi tí ìka ń fà. Ṣé irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹ rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n kàn án mọ́ ọn? Ẹ tún wò bóyá irin tí ìka ń fà àti èyí tí ń tì í pa ní àwọ̀ ìyeyè, tí gbogbo ìyókù sì dúdú.

Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ nínú fótò èyíkéyìí tí ẹ bá gbé síbí. Oníjìbìtì pọ̀ tó ń wá nọ́ńbà ìbọn gidi láti tẹ̀ mọ́ ayédèrú.

ÌyáÌbejì_Atlanta

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Ọkọ mi ti fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kò sí ọta nínú ihò. Ó ti wà nínú àpótí onírin báyìí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ sọ yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́! Àwọ̀ ìyeyè náà wà, ó ti ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn lára ìbọn náà ni mo tún rí lára gbogbo irin kéékèèké, àfi àpò ọta nìkan ni nọ́ńbà rẹ̀ kò sí. Bí ọlọ́pàá ló ni ín, ṣé ìtàn ẹbí wa ti wá di irọ́ nìyẹn? Inú ọkọ mi kò dùn sí i, ó ní ìtàn yẹn nìkan ni ohun tí òun gbọ́ nípa bàbá àgbà òun nígbà ọmọdé.

Alágbẹ̀dẹ_Houston

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló parí ẹjọ́. Ní nǹkan bí 1933 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án mọ́ ìbọn àwọn ọlọ́pàá, torí ewu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa ìbọn tí wọ́n ti tú. Àwọn sójà kò kàn án mọ́ tiwọn. Àwọ̀ ìyeyè yẹn sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò tíì fi bébà ìha irin ha á kí ó sì tún kùn ún. Ẹ má ṣe ha á láéláé. Àwọn òǹtẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn ni ẹ̀rí tí ẹ ní, bí wọ́n bá ti ha kúrò, kò sẹ́ni tó lè dá wọn padà.

Ti àpò ọta: fxo ni orúkọ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fún ilé iṣẹ́ Haenel ní ìlú Suhl nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àpò ọta yẹn kéré ní ọjọ́ orí gan-an sí ìbọn tó gbé e. Ẹnìkan ṣì ń lo ìbọn yín nígbà ogun, àpò rẹ̀ sọnù tàbí ó bàjẹ́, wọ́n sì fún un ní tuntun. Ẹ wo inú ìdérí àkọ̀ awọ náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tẹ orúkọ ìlú àti ọdún síbẹ̀.

Nǹkan méjì ni mo ń wá tí n kò rí nínú ohun tí ẹ kọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà èyíkéyìí tó kó o wọlé: láti 1968 ni òfin ti ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbọn tó bá wọ ilẹ̀ yìí fún títà. Ìkejì, ọ̀rọ̀ GERMANY, tó máa ń wà lára èyí tí wọ́n kó wá tà níbí láàárín ogun méjèèjì. Bí méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpò sójà ló gbà wọlé.

Ọmọ_Ìbàdàn_ní_Köln

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì ní Köln níbí, Düsseldorf kò sì jìnnà sí wa. Ohun tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ sọ tọ̀nà. Ìkìlọ̀ kan ni mo fẹ́ fi kún un. D. yẹn kì í ṣe ìlú Düsseldorf nìkan. Agbègbè ìṣàkóso Düsseldorf ni, tí Essen, Duisburg, Wuppertal àti Krefeld wà nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá Essen lè ti gbé e rìn títí ogun fi parí.

Ìyá Ìbejì, èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni pa irọ́ nínú ẹbí yín. Ní oṣù Kẹfà 1936 ni Hitler fi Himmler, olórí SS, ṣe olórí gbogbo ọlọ́pàá Jámánì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá ti ní oyè SS mọ́ ti iṣẹ́ wọn. Dírẹ́bà ọmọ Georgia tó bá pàdé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1945, SS ni orúkọ tó máa tètè wá sí i lẹ́nu. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn Amẹ́ríkà bá ti gba ìlú kan, wọ́n máa ń pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn kó ìbọn wá, ó sì máa ń di òkìtì. Sójà tó bá ráyè á mú ọ̀kan, òmíràn á fi sìgá ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni àwọn ọlọ́pàá yìí fúnra wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1941, ọkọ̀ ojú irin kan gbéra ní Derendorf, ládùúgbò kan ní Düsseldorf, ó kọrí sí Riga. Àwọn Júù 1,007 ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ilé ìpẹran ìlú ni wọ́n kó wọn sí mọ́jú ọjọ́ náà. Schutzpolizei ló ṣọ́ wọn dé Riga. Ọ̀gá tó kó àwọn ọlọ́pàá náà lọ, Paul Salitter, kọ ìròyìn ìrìn àjò yẹn fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, ìròyìn náà sì wà títí dòní, ẹnikẹ́ni lè kà á. Láàárín 1941 sí 1944, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 Júù tí wọ́n kó gba ilé ìpẹran yẹn lọ. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ibẹ̀ wà báyìí, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìrántí. Mo ti débẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde.

Nínú àwọn ọlọ́pàá kan náà ni Franz Jürgens ti jáde. Òun ni ọ̀gá Schutzpolizei ìlú Düsseldorf ní oṣù Kẹrin 1945, nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà ti yí ìlú ká. Ní ọjọ́ 16 oṣù yẹn, òun àti àwọn ará ìlú kan pinnu láti fi ìlú lé wọn lọ́wọ́ láìjà, wọ́n sì ti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Korreng mọ́lé. Àwọn Nazi tú Korreng sílẹ̀, wọ́n sì pa Jürgens àti mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n jọ gbìmọ̀ lóru ọjọ́ náà. Àmọ́ méjì nínú wọn, Aloys Odenthal àti Karl August Wiedenhofen, ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wọ ìlú. Gbàgede tó wà níwájú orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá Düsseldorf ń jẹ́ Jürgensplatz títí di òní yìí.

N kò sọ pé ìbọn yín wà níbì kankan nínú méjèèjì o. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láìmú ìwé lọ́wọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé irú ilé iṣẹ́ tó ni ìbọn yín nìyẹn, àwọn ìbejì sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀ sí i.

Ọ̀dọ́_Peckham

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Köln, kí ni ti 1917? Ṣé a lè mọ sójà tó kọ́kọ́ gbé e?

Ọmọ_Ìbàdàn_ní_Köln

Ìyẹn ló ṣòro jù. Ibi tí wọ́n kó ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia pamọ́ sí ní Potsdam jóná nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ìlú náà ní oṣù Kẹrin 1945, orúkọ àìmọye sójà Ogun Àgbáyé Kìíní sì bá a lọ. Ti Bavaria ṣì wà ní Munich, ti Württemberg wà ní Stuttgart. Ká ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bavaria kan wà níwájú èèkù, tí wọ́n fa ìlà lé e lórí kí wọ́n tó tẹ ti ọlọ́pàá, ìrètí ìbá wà. Ìyá Ìbejì kò mẹ́nu ba irú rẹ̀. Ti ọlọ́pàá ló kù tí a lè tọ̀, ibi tí a sì máa béèrè ni ilé ìkówèépamọ́ ìpínlẹ̀ Nordrhein-Westfalen, ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Duisburg. Ibẹ̀ ni ìwé agbègbè Düsseldorf wà.

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹnìkan tó dá a lábàá: ẹ má gbé e wá sílé o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí a fòfin dè, títí kan ti ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí. Àṣẹ láti ọwọ́ Ààrẹ nìkan ló lè gbà yín. Pé ogún ni, pé ó ti pẹ́, pé kò ní ọta, ìyẹn kò kan kọ́sítọ́ọ̀mù ní Murtala Muhammed.

Ẹ̀yin ará Britain náà, ìbọn ìléwọ́ ti di èèwọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú níbẹ̀ láti 1997. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ẹrù òkú, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ má ṣe dá gbé e rìn lójú pópó.

Alágbẹ̀dẹ_Houston

Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Ní Amẹ́ríkà níbí, gbogbo wa ń pè é ní ìbọn àtijọ́, àmọ́ lójú òfin ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ṣe kí 1899 tó wọlé nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti 1917 kò sí nínú rẹ̀. Ìbọn gidi ni, gbogbo òfin ìbọn ló mú un. Òfin àpapọ̀ gbà kí ogún kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn bí ẹni tó jogún rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí òfin gbà láàyè láti ní ìbọn, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Kí lọ́yà tó ń bójú tó ogún kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ_Àna_Atakpamé

Ẹ kú àpérò o. Láti Togo ni mo ti ń kọ̀wé, àwa Àna, Ifẹ̀ ni wá níbí. Jámánì ló jọba lé wa lórí títí di oṣù Kẹjọ 1914. Ní Kamina, ẹ̀bá ìlú wa, ni wọ́n gbé òpó wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá wọn sí, àwọn fúnra wọn ló sì wó o lulẹ̀ kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀. Nílé ìyá mi, ìbọn ìléwọ́ kan wà tó ti dípẹtà, ihò ọta mẹ́fà rẹ̀ máa ń yí po. Wọ́n ní ti òyìnbó Jámánì kan ni. Bàbá Alágbẹ̀dẹ, báwo ni mo ṣe lè mọ̀?

Alágbẹ̀dẹ_Houston

Ọmọ Àna, ẹ kú ìsinmi ilé o. Èyí tí àwọn Jámánì ń lò nígbà náà ni Reichsrevolver, oríṣi méjì, ti 1879 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn àti ti 1883 tó kúrú. Ọta rẹ̀ tóbi, 10.6 mílímítà. Erfurt àti Suhl ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, orúkọ olùṣe sì máa ń wà nínú àmì róbótó gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà pé ti Jámánì ni, ẹ wá ibi tí wọ́n tẹ lẹ́tà ELG sí. Òǹtẹ̀ Liège ní Belgium nìyẹn. Àìmọye ìbọn Liège ni àwọn oníṣòwò kó wá sí etíkun wa láyé ọjọ́un, orúkọ orílẹ̀-èdè tó bá ń jọba lágbègbè ni àwọn ènìyàn sì máa ń pè é. Ẹ bèèrè òfin Togo lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbé e jáde síta.

Sájẹ́ǹtì_Killeen

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ sójà níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn sí ohun tí ẹ ń ṣe, Ìyá Ìbejì. Gbogbo wa ń wá ẹni tó ni ìbọn kí ó tó kan bàbá. Ta ló ń wá bàbá fúnra rẹ̀?

Àwọn dírẹ́bà adúláwọ̀ yẹn ló gbé ogun Amẹ́ríkà ró ní ilẹ̀ Faransé. Red Ball Express, ètò ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹrù ogun lọ síwájú, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1944, ó parí ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn dírẹ́bà rẹ̀ ló jẹ́ adúláwọ̀. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń wakọ̀ epo àti ọta lọ bá àwọn tó ń jà níwájú. Nígbà tí wọ́n kọjá odò Rhine ní 1945, wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n pè ní XYZ, ọ̀nà yẹn ló wọ inú Jámánì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí Georgia, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Bóyá ìdí nìyẹn tí bàbá kò fi fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ kó wà ní ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ ní St. Louis, ó sì ti pẹ́ tó báyìí tí ẹnikẹ́ni fi lè fi Form 180 béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ńlá jó ibẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973. Nínú ìwé àwọn sójà orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1912 sí 1960, nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló jóná. Bí wọ́n bá fèsì pé àwọn kò rí i, ẹ má jáwọ́. Àwọn sójà tó ń bọ̀ láti ogun máa ń mú ìwé ìdásílẹ̀ wọn lọ sí kóòtù káúńtì wọn kí wọ́n bá wọn dà á kọ sínú ìwé ńlá. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ mú ìwé ikú bàbá àti ìwé ìbí ọkọ yín dání. Ìwé yẹn á sọ ẹgbẹ́ tó wà àti àwọn ogun tí wọ́n kà á mọ́. Bí ẹ bá rí Central Europe níbẹ̀, ìyẹn jẹ́ láàárín ọjọ́ 22 oṣù Kẹta sí 11 oṣù Karùn-ún 1945.

ÌyáÌbejì_Atlanta

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á san án fún yín. Kóòtù káúńtì ní ìwé náà! Obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé ńlá kan, orúkọ bàbá sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà tó mọ́ ṣaka. Ẹgbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló wà lóòótọ́. Wọ́n kọ Rhineland, wọ́n sì kọ Central Europe. Ọkọ mi jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń kà á ní àkàtúnkà. Kò mọ ọjọ́ tí bàbá àgbà rẹ̀ wọ iṣẹ́ ogun títí di àná.

Inú àkọ̀ awọ náà, 1941 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ ti parẹ́. A wò ó yí ká, kò sí GERMANY, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kankan.

Nǹkan kan ló kù. Àbúrò bàbá ọkọ mi ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, ẹni náà sì ń sọ pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀gá SS ló ni ín. Ọkọ mi ti kọ̀. Ó ní òun kò ní fi orúkọ òun sábẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kódà bí wọ́n bá máa ta ìbọn náà lẹ́yìn-ọ̀la. Wọ́n ń bínú sí i nínú ẹbí. Kí ni kí a ṣe sí i báyìí?

Alágbẹ̀dẹ_Houston

Ọkọ yín ṣe é re. Ẹ bá mi kí i.

Ẹ jẹ́ kí àgbà tó dàgbà jù nínú ẹbí sọ ohun tó rántí, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọ̀gá SS inú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Lórí ewé mìíràn, ẹ kọ ohun tí irin sọ: DWM, 1917, 1920, S.D.II., fxo, 1941. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé kóòtù mọ́ ọn. Ẹ yọ ìbọn kúrò nínú àkọ̀ rẹ̀, ẹ tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí awọ máa ń gba omi sára, á sì jẹ irin. Epo ìbọn díẹ̀ lórí aṣọ tó mọ́ ti tó, kò nílò ohun mìíràn.

Ọmọ_Ìbàdàn_ní_Köln

Mo ti ń kọ lẹ́tà sí Duisburg lédè Jámánì lórúkọ ọkọ yín. Ohun tí mo ní kí wọ́n wò ni bóyá ìwé tí wọ́n fi pín ìbọn fún Schutzpolizei agbègbè Düsseldorf lẹ́yìn 1932 ṣẹ́kù lọ́dọ̀ wọn, àti ìlú tí ẹ̀ka II wà nígbà náà. Bí ìlú yẹn bá jẹ́ Düsseldorf fúnra rẹ̀, mo máa kọ̀wé sí ilé ìkówèépamọ́ ìlú náà pẹ̀lú. Ìyá Ìbejì, ẹ fi fótò iwájú èèkù ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà rẹ̀, kí ọkọ yín sì buwọ́ lu ìwé àṣẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Bí wọ́n bá ti dé ọwọ́ mi, lẹ́tà á lọ.